Káàdì 12, ojú ewé 6: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Iṣẹ́ méjì ni mo dáwọ́ lé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni káàdì 12 tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí, èyí tí màá fi ọwọ́ ara mi ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ni ojú ewé 6 fún ìyá mi, tí màá to fọ́tò àtijọ́ wọn 14 sí, kí wọ́n lè máa ṣí i wò láìsí ìbẹ̀rù pé á bàjẹ́. Ní alaalẹ́ ni mo ń kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé kékeré kan, àti èyí tó yọrí sí rere àti èyí tó bàjẹ́. Inú ìwé yẹn ni mo ti kó ohun tó wà níbí jọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà fi bébà ṣòfò tó bí mo ṣe fi ṣòfò.

1. Ohun tí mo kó jọ

Bébà líle 250 gsm (ìyẹn gíráàmù 250 ní mítà onígun mẹ́rin kan), ìwọ̀n A4, tí òde rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí inú rẹ̀ funfun. Bébà aláràbarà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 80 gsm fún ọ̀ṣọ́. Ọ̀bẹ tó ń lo bíléèdì, pẹ̀lú bíléèdì márùn-ún. Rúlà onírin, nítorí ọ̀bẹ máa ń jẹ rúlà oníke lára, ìlà á sì wọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Páálí nípọn kan tí mo ń tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ kí n má baà gé tábìlì. Báírò kan tí íǹkì rẹ̀ ti tán pátápátá. Gọ́ọ̀mù funfun, téèpù olójú méjì tó fẹ̀ tó mìlímítà 6, pẹ́ńsùlù rírọ̀, sísọ́ọ̀sì.

Báírò tó ti gbẹ yẹn wúlò fún mi ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ má sọ tiyín nù.

2. Ojú ìká tó là

Mo fẹ́ kí káàdì àkọ́kọ́ tóbi dáadáa. Mo mú odindi A4 kan, mo ká a sí méjì kó lè di A5. Bí mo ṣe ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni mo gbọ́ tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbé e sún mọ́ iná. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìká náà, búlúù ti bó, funfun inú rẹ̀ ti yọ síta, ó rí bí ètè tí ọyẹ́ là. Mo rò pé ọwọ́ mi ló le jù. Mo mú òmíràn, mo rọra ká a, òun náà là. A4 méjì ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti ń fọwọ́ di ìwé fún ìgbà pípẹ́, ni mo pè. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Àbúrò mi, ṣé o ti wo ibi tí fọ́nrán rẹ̀ dorí kọ?" N kò wò ó. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé bébà ní ibi tó dorí kọ. Wọ́n ní bí pákó ṣe ní ìlà tí èèyàn lè là á sí láìlágbára, bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́nrán inú bébà máa ń tò sí apá kan. Tí ẹ bá ká a ní ìbámu pẹ̀lú fọ́nrán yẹn, á gbà. Tí ẹ bá ká a dábùú, ẹ ń ṣẹ́ fọ́nrán ni, ìdí nìyẹn tó fi ń dún.

Bí mo ṣe dán an wò: mo gé ọ̀já bébà méjì lára A4 kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mm 150, ó fẹ̀ ní mm 15. Mo gé ọ̀kan ní òòró, mo gé ìkejì ní ìbú. Mo kó àwọn méjèèjì pọ̀, mo di orí wọn mú, mo jẹ́ kí ìyókù yọ síta bí ahọ́n. Èyí tí mo gé ní òòró dúró gbọn-in. Èyí tí mo gé ní ìbú tẹ̀ wálẹ̀. Èyí tó dúró ló bá fọ́nrán lọ. Nínú bébà tèmi, fọ́nrán bá apá gígùn lọ, ìyẹn apá tó jẹ́ mm 297. Odindi A4 tí mo ká sí A5, dábùú fọ́nrán gan-an ni mo ká a.

Mo pinnu pé káàdì kékeré, A6, ni màá ṣe. Níbí náà ni mo tún ti ṣe àṣìṣe kan tó gba A4 méjì mìíràn lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà rí káàdì A6 méjì nínú A4 kan:

Ọ̀nà àkọ́kọ́: ẹ gé A4 ní òòró, kó di ọ̀já méjì tó jẹ́ mm 105 sí 297, kí ẹ wá ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì.

Ọ̀nà kejì: ẹ gé A4 ní ìbú, kó di A5 méjì (mm 148 sí 210), kí ẹ wá ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì.

Ìwọ̀n káàdì tó máa jáde nínú méjèèjì kò yàtọ̀: mm 105 sí 148. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo tẹ̀ lé, torí ó rọrùn láti gé. Káàdì mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là. Ìgbà tí mo wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà fọ́nrán sórí bébà kí n tó gé e ni mo rí i pé ọ̀nà kejì nìkan ni ojú ìká ti ń bá fọ́nrán lọ. Láti ìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí n fa ọfà kékeré sí ẹ̀yìn bébà kọ̀ọ̀kan láti fi ibi tí fọ́nrán kọjú sí hàn. Màá pa á rẹ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Kí n tó ká a, mo máa ń fi báírò gbígbẹ fa ìlà. Rúlà á wà ní àárín gan-an, mm 105 sí etí, màá fa ìlà ẹ̀ẹ̀mejì láìtẹ̀ ẹ́ jù. Ibi tí báírò tẹ̀ wọlé, ìta káàdì ló gbọ́dọ̀ wà. Ibi tó yọ bí iṣan ní òdìkejì ló máa wà nínú. Òdìkejì èyí ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, torí ó dà bíi pé ojú ihò yẹn ló yẹ kí bébà wọ̀ sí. Nígbà tí mo yí i padà, ojú ìká náà mú ṣáká.

Àròpọ̀ bébà líle: A4 6 fún káàdì 12 tó dára, 4 tó bàjẹ́, 1 tí mo gé fún ìdánwò. Mọ́kànlá.

3. Gọ́ọ̀mù àti omi inú rẹ̀

Mo gé bébà aláràbarà ní mm 95 sí 138, kí àyè mm 5 lè ṣẹ́kù yíká lójú káàdì. Mo fi gọ́ọ̀mù funfun kun ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, mo lẹ̀ ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ti wú bí awọ ẹni tó pẹ́ nínú omi. Mo fi ìwé ńláńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, àwọn ibi tó wú ti lọ, ṣùgbọ́n gbogbo iwájú káàdì ti tẹ̀ bí ọrun. Omi tó wà nínú gọ́ọ̀mù ló mú kí bébà fẹ́lẹ́ náà fẹ̀ sí i. Nígbà tó ń gbẹ tó sì ń súnkì, ó fa bébà líle náà tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Mo gbìyànjú ohun mẹ́ta. Mo lo gọ́ọ̀mù díẹ̀: ó ṣì tẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Mo kun etí nìkan: àárín wú. Mo lẹ bébà fẹ́lẹ́ kan náà sí inú, ní ẹ̀yìn ibi tí ọ̀ṣọ́ wà: èyí ṣiṣẹ́, torí àwọn méjèèjì ń fa ara wọn ní ọgbọọgba, káàdì sì dúró láàárín wọn. Káàdì mẹ́ta ni mo fi gọ́ọ̀mù ṣe báyìí, wọ́n sì tẹ́jú títí di òní.

Àwọn yòókù, téèpù olójú méjì ni mo lò. Àléébù rẹ̀ ni pé tó bá ti kàn án, kò sí àtúnṣe. Ọgbọ́n tí mo rí dá sí i: mo lẹ téèpù sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bó ìgbátí ọ̀rá rẹ̀ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan péré ní igun kọ̀ọ̀kan, mo ṣẹ́ ẹ síta bí etí ehoro. Mo gbé bébà náà sí ipò rẹ̀, mo wọn etí rẹ̀ yíká, mo tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ni mo wá fa ọ̀rá tó kù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó wọ́.

Bíléèdì ni kí ẹ má ṣe háwọ́ sí. Nígbà tí mo rí i pé etí bébà aláràbarà ń ya dípò kó gé, mo rò pé bébà náà ni kò dára. Bíléèdì ló ti kú. Mo lo mẹ́rin tán nínú márùn-ún.

4. Káàdì tí nǹkan ń dìde nínú rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ṣe èyí fún. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo fẹ́ kí ẹyẹ kan dìde bó bá ṣe ń ṣí i. Káàdì náà dùbúlẹ̀: ojú ìká wà lókè, ó gùn ní mm 148, ojú kọ̀ọ̀kan sì ga ní mm 105.

Mo gé ìlà méjì tó jọra wọn dábùú ojú ìká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mm 60, ìyẹn 30 sí apá òkè, 30 sí apá ìsàlẹ̀; àyè àárín wọn jẹ́ mm 20. Mo fi báírò gbígbẹ fa ìlà síbi tí orí wọn parí sí, mo wá fi ìka ti ọ̀já àárín náà sínú. Nígbà tí mo ṣí káàdì náà sí ìdajì, ọ̀já yẹn dúró bí àpótí kékeré. Iwájú rẹ̀ ni mo lẹ ẹyẹ mọ́.

Ẹyẹ tí mo gé ga ní mm 80. Mo pa káàdì dé, ìyẹ́ orí rẹ̀ sì yọ síta ní mm 5. Ìdí rẹ̀ nìyí, ìṣirò kékeré ni: tí káàdì bá padé, ìsàlẹ̀ ẹyẹ wà ní mm 30 sí ojú ìká, torí ibẹ̀ ni àpótí náà ti bẹ̀rẹ̀. 30 àti 80 jẹ́ 110. Káàdì kò ju 105 lọ. Mo gé ẹyẹ tuntun tó ga ní 70, ó wá ku mm 5 kó dé etí.

Ihò tí àpótí náà fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò dára lójú, mo sì lẹ bébà líle mìíràn sí ìta káàdì náà. Ẹ kíyè sí i, kí gọ́ọ̀mù tàbí téèpù má kan ẹ̀yìn ọ̀já tó ń dìde. Tó bá kàn án, á gan mọ́bẹ̀, kò ní dìde mọ́. Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí téèpù kò gbọ́dọ̀ dé kí n tó fọwọ́ kan án. Bébà ìta yìí ni mo gé lára A4 tó ṣẹ́kù nínú ìdánwò.

Àpò ìwé tó bá A6 mu ni C6, mm 114 sí 162. Káàdì ẹyẹ náà nípọn ju àwọn yòókù lọ, ó sì wọ̀ ọ́ láìfún.

5. Fọ́tò ìyá mi

Iṣẹ́ tó ká mi lára jù lọ nìyí.

Inú álíbọ́ọ̀mù kan tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀ ni àwọn fọ́tò náà wà, irú èyí tí ọ̀rá fífẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀. Èrò pé kí ojú ewé ti ní gọ́ọ̀mù kì í ṣe tuntun. Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú tirẹ̀ ní 1873. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ti álíbọ́ọ̀mù ìyá mi yìí, bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń gan sí i. Ó ti pọ́n bíi tíì, ọ̀rá orí rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ etí àwọn fọ́tò kan.

Mo fi èékánná gbé igun fọ́tò àkọ́kọ́. Ìyá ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó lórí àga onígi, ọwọ́ wọn wà lórí itan. Igun náà gbéra díẹ̀. Mo fà á. Mo gbọ́ ìró kan tó kéré gan-an, igun apá òsì lókè sì kù sára ewé, mm 8 péré. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo sì dìde nídìí tábìlì. N kò tún fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ ní alẹ́ yẹn. N kò ya ẹ̀dà fọ́tò yẹn kí n tó fà á. Ìyẹn ni àṣìṣe mi, kì í sì í ṣe ti gọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ́kọ́ ya ẹ̀dà gbogbo ojú ewé álíbọ́ọ̀mù náà bí wọ́n ṣe wà, mo tọ́jú ẹ̀dà náà sí ibi méjì. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Mo fọ ọwọ́, mo nù ún gbẹ. Etí fọ́tò nìkan ni mo ń dì mú, torí òróró ọwọ́ máa ń fi àmì sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Mo rọra ká ọ̀rá orí rẹ̀ sẹ́yìn, n kò fà á sókè.

Mo mú òwú tí a fi ń yọ nǹkan láàárín eyín, èyí tí kò ní òórùn tàbí ìda, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Mo we orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìka, mo fà á le, mo tì í sábẹ́ igun fọ́tò. Mo wá ń fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi, ó ń sún mọ́ mm méjì méjì. Òwú náà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ewé, kì í ṣe fọ́tò. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń fa síìpù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ti dúró, mo máa ń yọ òwú náà, mo ń bẹ̀rẹ̀ láti igun mìíràn. N kò fi agbára kún un.

Fọ́tò kan gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òmíràn gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Fọ́tò 13 jáde, títí kan èyí tó ya. Ìkẹrìnlá kò jáde. Mo gé ewé àtijọ́ náà yí i ká, mo jẹ́ kó wà lórí rẹ̀, mo sì fi í sínú àpò oníke tirẹ̀. Ó sàn kó wà bẹ́ẹ̀ ju kí n ya á lọ.

6. Ojú ewé tuntun

Ìwọ̀n tí mo lò ni íǹṣì 12 sí 12, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30.5. Lára bébà rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní ásíìdì, kò sì ní lígínì. Lígínì, ohun kan tó máa ń wà nínú igi, ló ń mú kí bébà ìwé ìròyìn pọ́n tó bá pẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lẹ ìwé ìròyìn kékeré kan tí ìyá mi tọ́jú mọ́ ojú ewé. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo tẹ̀ sórí bébà tó dára. Àwọn àpò oníke tí mo fi bo ojú ewé jẹ́ irú ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene. Irú ike mìíràn, PVC, ni mo sá fún, torí ó máa ń tú ohun tó ń ba fọ́tò jẹ́ jáde, fọ́tò sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i lára ọjà pé ó yege PAT (ISO 18916), ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan yóò ba fọ́tò jẹ́ nìyẹn.

Gọ́ọ̀mù kò kan fọ́tò kankan. Igun ni mo fi dì wọ́n mú. Mo gé ọ̀já bébà tí kò ní ásíìdì, mm 30 sí 15, mo ká orí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ kí wọ́n pàdé ní àárín, ó wá di àpò onígun mẹ́ta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni téèpù wà. Fọ́tò 13, igun 52. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi ká wọn. Mẹ́rin àkọ́kọ́ fún fọ́tò jù, wọ́n tẹ etí rẹ̀. Láti ìkarùn-ún lọ, mo ń fi bébà fẹ́lẹ́ kan sáàárín nígbà tí mo bá ń wọn ipò wọn, kí àyè tíntín lè wà.

Fọ́tò ìyá àgbà ńkọ́? N kò fi téèpù lẹ èyí tó ya, torí téèpù lásán máa ń pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì wọ inú fọ́tò. Mo fi òwú yọ mm 8 yẹn kúrò lára ewé àtijọ́, mo tì í sínú igun bébà apá òsì, mo wá ti fọ́tò tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Igun náà bo ibi tó ya mọ́lẹ̀.

Ní ti ìkọ̀wé, mo kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí bébà kan pẹ̀lú bírò mẹ́ta, mo fi páálí bo ìdajì, mo gbé e sí ojú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Méjì ti ṣá níbi tí oòrùn dé. Ìkẹta, tí wọ́n kọ "pigment" sí lára, kò yí padà, kò sì tàn nígbà tí mo fi omi kàn án. Òun ni mo lò. Orí ọ̀já bébà kékeré ni mo kọ orúkọ sí, n kò kọ ọ́ sójú ewé tààrà, kí ó lè ṣeé pààrọ̀ bí mo bá ṣìwí.

Mo sì ṣìwí. Nígbà tí mo gbé e fún ìyá mi, wọ́n ṣí ojú ewé kẹta, wọ́n dúró, wọ́n fi ìka sún mọ́ ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn àga, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Ta ló ní èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni, Mà?"

"Àbúrò mi ni. Èmi ni mo ń gbé kámẹ́rà."

Mo ti rò láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré pé àwọn ni. Mo yọ ọ̀já orúkọ yẹn, mo gé òmíràn, mm 60 sí 10. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àbúrò wọn ní kíkún, kí n sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ẹni tó ya fọ́tò náà.